Ẹ̀fọ́rí Tí Kò Gbọ́ Oògùn Ibà

Kò sí ẹni tí orí kì í fọ́. Oòrùn a máa fa ẹ̀fọ́rí, ebi a máa fà á, àìsùn a máa fà á, ibà ni ó sì ń fà á jù lọ ní ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, bí orí bá ti ń fọ́ ènìyàn, oògùn ibà ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí kan wà tí oògùn ibà kò lè ṣẹ́gun, tí ó ń le sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì ń pa ẹni tí kò bá rí ìtọ́jú gbà. Kòkòrò kan láti inú ìdílé olú ni ó ń fà á. Àwọn tí agbára ara wọn láti dènà àrùn ti dín kù ni ó ń kọlù, pàápàá jù lọ àwọn tí kòkòrò HIV wà lára wọn tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì dá a dúró.

Àrùn yìí ní oògùn. Ṣùgbọ́n ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ ṣe àjèjì lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn oníṣègùn a máa gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn aláìsàn láti fa omi. Wọn a máa dá oògùn HIV dúró ná fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọn a sì tún ní kí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá máa gbé oògùn mì fún ọdún kan gbáko. Ìdílé tí a kò bá sọ ìdí àwọn nǹkan wọ̀nyí fún lè fi ìbẹ̀rù gbé ènìyàn wọn kúrò ní ilé ìwòsàn kí iṣẹ́ tó parí, ibẹ̀ ni ẹ̀mí sì ti ń bọ́. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni àlàyé yìí dá lé.

Ìdílé olú tóbi púpọ̀. Olú tí a ń ká ní oko fún ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ń hù bí òwú lórí búrẹ́dì tí ó ti bu wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mú ìyẹ̀fun wú, àti èyí tí ń fa lápálápá sí orí àwọn ọmọdé. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe ènìyàn ní ibi kankan. Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn oníṣègùn ń pè ní Cryptococcus. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ní ọdún 1894 ni àwọn oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Jámánì, Otto Busse àti Abraham Buschke, kọ́kọ́ rí i nínú egungun ẹsẹ̀ obìnrin kan. Ní ọdún kan náà, Francesco Sanfelice rí i nínú omi èso ní ilẹ̀ Ítálì. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, àti ara igi tí ń jẹrà, àti inú ìgbẹ́ ẹyẹ, pàápàá ìgbẹ́ ẹyẹlé. Bí ìgbẹ́ náà bá gbẹ tí ó di lẹ́búlẹ́bú, afẹ́fẹ́ a gbé e, ènìyàn a sì fà á símú láìmọ̀.

Bí àwọn ọmọ ogun inú ara bá pé, wọn a ká kòkòrò yìí mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, wọn a pa á, tàbí kí wọ́n sé e mọ́ ibẹ̀ bí ẹni sé ẹran mọ́ ọgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fà á símú rí tí wọn kò mọ̀, tí wọn kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ ayé wọn. Ìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá dín kù ni ọgbà ń ya. Nínú àwọn ọmọ ogun ara ni irú kan wà tí a ń pè ní CD4. Lára ẹni tí ó le, iye wọn a máa ju 500 lọ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó kéré ju ẹ̀kán kan lọ. Kòkòrò HIV a máa jẹ wọ́n run díẹ̀díẹ̀. Bí iye wọn bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ 100, ewu ti dé: kòkòrò olú lè já kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì wọ inú omi tí ó yí ọpọlọ ká. Níbẹ̀ ni ó ń bí sí i, tí ó ń rẹ̀ sí i, títí awọ tí ó bo ọpọlọ yóò fi gbóná tí yóò sì wú. Irú yírùnyírùn kan ni èyí jẹ́. Ó yàtọ̀ sí yírùnyírùn tí ń jà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní apá Òkè Ọya, nítorí pé ti Òkè Ọya a máa ràn láti ara ènìyàn dé ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ti olú kì í ràn bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àwọn tí ó ní HIV nìkan ni ó wà nínú ewu. Ẹni tí a fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára, ẹni tí ó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, àti ẹni tí ó ti ń lo prednisolone tàbí dexamethasone fún ìgbà pípẹ́, gbogbo wọn ni agbára ìdènà àrùn wọn ti rọ̀. Ó yẹ kí a dárúkọ àwọn oògùn méjì yìí dáadáa, nítorí pé àwọn kan a máa rà wọ́n lọ́wọ́ olóògùn láti fi sanra, láìsí àṣẹ oníṣègùn, wọn kò sì mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ara àwọn fúnra wọn ni àwọn ń lé lọ.

Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ní ọdún 2020, àwọn ènìyàn bí 152,000 tí wọ́n ní HIV ni yírùnyírùn olú mú ní gbogbo ayé, àti pé bí 112,000 nínú wọn ni ó kú. Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti pọ̀ jù lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ orúkọ àwọn olú 19 tí ó léwu jáde, Cryptococcus sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin tí wọ́n fi sí ipò ewu tí ó ga jù lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí ní ilé nìyí. Ká ní àgbẹ̀ kan wà ní abúlé tí ó jìnnà sí títì. Ó ti ń gba oògùn HIV tẹ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ le, ó rò pé ó ti tó, ó sì dá a dúró láti bí ọdún kan. Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Ó lo oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fúyẹ́ díẹ̀, ó tún padà. Olóògùn kan sọ pé táífọ́ọ̀dù ni, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ń bì, ìmọ́lẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń rí ohun kan ní méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ, àwọn ará ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ẹni tí ó ń bá a jà. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tí a ti ń gbàdúrà, ó sì sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí ó fi máa dé ilé ìwòsàn, kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Kò sí ìkà kankan nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí; gbogbo wọn ni ó fẹ́ kí ó yè. Ṣùgbọ́n bí ogún ọjọ́ ni ó ṣòfò, ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ó sì níye lórí jù lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá dé ilé ìwòsàn nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé ní ìrètí púpọ̀ ju ẹni tí iyè rẹ̀ ti sọnù lọ.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì yóò fa ìyàwó sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì bi í pé, “Ìyá, ǹjẹ́ oògùn kan wà tí bàbá ń lò tẹ́lẹ̀ tí wọn kò lò mọ́?” Obìnrin náà lè wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìtìjú, kí ó tó dáhùn pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni yóò sọ fún àwọn oníṣègùn ibi tí wọn yóò wò. Òfin iṣẹ́ wọn kò sì gbà wọ́n láàyè láti tú àṣírí náà síta. Orúkọ tí a fún HIV ní ìgbà kan rí, àrùn kògbóògùn, ni ó dá púpọ̀ nínú ìtìjú yìí sílẹ̀. Orúkọ náà kò sì tọ́ mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè gbó kí ó tọ́.

Àyẹ̀wò àrùn yìí kò le mọ́ bíi ti ìgbà àtijọ́. Nígbà náà, omi ẹ̀yìn ni a ó fi tàdáwà dúdú pò, a ó sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi. Nítorí pé kòkòrò olú yìí wọ ẹ̀wù tí ó nípọn, tàdáwà kò lè wọ inú ẹ̀wù náà. Kòkòrò náà yóò wá hàn bí òṣùpá kékeré ní àárín òkùnkùn. Àyẹ̀wò yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí kòkòrò kò bá tíì pọ̀, ó lè fò ó. Ní òde òní, àyẹ̀wò kan tí a ń pè ní CrAg wà. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó jọ èyí tí a fi ń yẹ ibà tàbí oyún wò. A ó tì í bọ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ẹ̀yìn tí a ti pèsè, ní bí ìṣẹ́jú 10 ìlà yóò sì fi hàn bóyá àmì ẹ̀wù kòkòrò náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni ó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù lọ. A máa ń gbọ́ pé ó ń rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀, tàbí pé omi tí a bá fà jáde kò ní padà mọ́. Ara a máa pèsè omi yìí lójoojúmọ́, bí itọ́ ti ń padà sí ẹnu. Ní ti rírọ, okùn ọpọlọ tí ó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá kì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí a ń gún abẹ́rẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí okùn náà ti parí. Aláìsàn yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, yóò ká orúnkún mọ́ àyà, a ó fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kí ó má bàa dùn ún púpọ̀. Ẹ̀yìn náà lè máa dùn ún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orí sì lè fọ́ ọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe fún àyẹ̀wò nìkan. Ìtọ́jú ni, ó sì lè ṣe pàtàkì bí oògùn gan-an. Ẹni tí ó bá ti rí agbè ẹmu tí a dí lẹ́nu pinpin yóò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú orí aláìsàn yìí. Ẹmu ń hó, kò rí ọ̀nà jáde, agbè sì fẹ́ bẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò olú àti ẹ̀wù rẹ̀ ń dí ọ̀nà tí omi ọpọlọ ń gbà fà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Omi ń pọ̀, ó ń ti ọpọlọ, ó ń ti okùn ojú àti ti etí. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́rí líle ti ń wá, ibẹ̀ ni ìfọ́jú àti etí dídi ti ń wá pẹ̀lú. Oníṣègùn a máa fi ọ̀pá ìwọ̀n wo bí omi náà ṣe ń tì tó. Bí ó bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, yóò fa díẹ̀ jáde, ẹ̀fọ́rí a sì máa fúyẹ́ ní wéré lójú aláìsàn fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ dandan láti ṣe é lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe pé àwọn oníṣègùn ń fi ènìyàn dánra wò. Ìdílé tí ó bá kọ abẹ́rẹ́ kejì àti ẹ̀kẹta ti dí ẹnu agbè padà.

Ó kan ọ̀rọ̀ oògùn wàyí. Ó ṣòro láti rí oògùn tí yóò pa olú láìpa ènìyàn, ìdí rẹ̀ sì yé àgbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kòkòrò tí ń fa egbò kẹ́kẹ̀ tàbí ikọ́ ife jìnnà sí ènìyàn nínú ìṣẹ̀dá, bí ìgbà tí igi hù ní àárín oko ìrẹsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ hú u kò ní ṣi igi mú fún ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀dá olú súnmọ́ ti ènìyàn, ó dà bí koríko tí ó jọ ìrẹsì tí ó sì hù mọ́ ọn. Ọwọ́ tí ó fẹ́ fa koríko lè fa ìrẹsì. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni irú ọ̀rá kan tí ó wà nínú awọ kòkòrò olú, tí kò sí nínú awọ ara ti ènìyàn. Ọ̀rá yìí ni púpọ̀ nínú oògùn olú ń lépa.

Àwọn obìnrin méjì ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà. Elizabeth Hazen wà ní ìlú New York, Rachel Brown sì wà ní Albany; iṣẹ́ ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ New York ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ìgò erùpẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Hazen a máa wá kòkòrò ilẹ̀ tí ó lè pa olú, Brown a sì máa yọ ohun tí ń pa á jáde. Nínú erùpẹ̀ láti oko màlúù kan ní Virginia ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1950. Nystatin ni wọ́n sọ ọ́, láti fi rántí ìpínlẹ̀ wọn. A ṣì ń lò ó títí di òní fún ohun funfun tí ń bo ẹnu àwọn ọmọ ọwọ́. Owó tí oògùn náà pa lé ní mílíọ̀nù 13 dọ́là, wọn kò sì mú kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ fún ara wọn. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìwádìí ìmọ̀. Ṣùgbọ́n nystatin le jù láti gún sínú ẹ̀jẹ̀.

Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Squibb rí ìbátan rẹ̀ nínú erùpẹ̀ etí odò Orinoco ní ilẹ̀ Venezuela. Amphotericin B ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni olórí oògùn fún yírùnyírùn olú títí di òní. Ó máa ń so mọ́ ọ̀rá inú awọ kòkòrò náà, awọ a sì jò bí agbọ̀n. Àwọn àgbà sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àwọn tí wọ́n sì lo amphotericin ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dáradára. Bí ó bá ti ń kán sínú iṣan, aláìsàn lè gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ara rẹ̀ lè gbóná. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè mú kí iyọ̀ pọtásíọ̀mù tí ọkàn fi ń lù déédéé máa bá ìtọ̀ jáde, ó sì lè dín ẹ̀jẹ̀ kù. Nítorí èyí ni a fi ń fa omi oníyọ̀ sí aláìsàn lára kí oògùn tó wọlé, tí a ń fún un ní pọtásíọ̀mù, tí a sì ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra fún àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń gbà yìí a máa bí àwọn ìdílé nínú. Òun ni ojú tí a fi ń ṣọ́ kíndìnrín. Bí gbígbọ̀n bá sì dé, nọ́ọ̀sì ni kí a pè. Kí ẹnikẹ́ni má fa abẹ́rẹ́ yọ.

Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ rí ọgbọ́n láti fi ọ̀rá tín-ín-tìn-tín wé oògùn náà, bí a ti ń fi ewé wé ẹ̀kọ, kí ó lè kọjá lára kíndìnrín láìṣe é ní ibi púpọ̀. Eléyìí wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2022, a tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde tí a ṣe ní Uganda, Málàwì, Bòtswánà, Zimbabwe àti Gúúsù Áfíríkà, lára àwọn aláìsàn 814. Apá kan gba amphotericin ti àtijọ́ fún ọjọ́ méje. Apá kejì gba èyí tí a fi ọ̀rá wé, ìwọ̀n ńlá kan, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú oògùn oníhóró méjì fún ọjọ́ 14. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, bí 29 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú ní apá kìíní, bí 25 ní apá kejì, ìpalára oògùn sì kéré ní apá kejì. Kí ìdá kan nínú mẹ́rin ṣì máa kú jẹ́ ohun ìbànújẹ́. Ó ń fi hàn bí àrùn náà ti burú tó, àní pẹ̀lú ìtọ́jú tí ó dára jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bá tọ́jú rárá, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ òpin rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ìlànà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí di èyí tí ó dára jù.

Oògùn oníhóró méjì tí a ń lò pẹ̀lú rẹ̀ ni flucytosine àti fluconazole. Nítorí jẹjẹrẹ ni a ṣe ṣe flucytosine ní ọdún 1957. Kò wo jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó pa olú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní àwọn ilẹ̀ olówó ni a ti ń rí i, tí kò sì sí ní púpọ̀ jù lọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí àrùn náà ti ń jà. Ohun tí kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni a ń lò ó, àti lóru pẹ̀lú, nítorí náà ó dára kí ẹnì kan nínú ìdílé mọ àkókò rẹ̀. Fluconazole rọrùn láti rí, kò sì le lára, ṣùgbọ́n ó máa ń dá olú lọ́wọ́ kọ́ ju kí ó pa á lọ. Ẹni tí a bá fún ní òun nìkan fún yírùnyírùn yìí kò rí ìtọ́jú tí ó tó gbà. Bí ilé ìwòsàn kékeré kò bá ní àwọn yòókù, kí ìdílé béèrè kíákíá pé kí a kọ ìwé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Aboyún gbọ́dọ̀ sọ pé òun lóyún, nítorí pé fluconazole lè pa ọlẹ̀ lára, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí a má sì mu àgbo pẹ̀lú àwọn oògùn wọ̀nyí. Ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò ru gbogbo ẹrù náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú aláìsàn a máa là, yóò jẹun, yóò sì béèrè pé nígbà wo ni òun yóò bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV. Oníṣègùn yóò ní kí ó ṣe sùúrù. Èyí ni ó ń ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé HIV ni gbòǹgbò àrùn náà. Ìdí rẹ̀ ni pé oògùn HIV a máa jí àwọn ọmọ ogun ara dìde ní wéré. Bí wọ́n bá jí nígbà tí òkú àti ààyè kòkòrò ṣì kún inú orí, inú orí náà ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ogun, ọpọlọ a sì wú. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Uganda àti Gúúsù Áfíríkà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, fi èyí hàn: nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú láàárín oṣù mẹ́fà, nínú àwọn tí ó dúró di bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 30 ni. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni a ń dúró. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn HIV lọ́wọ́ nígbà tí àrùn náà dé kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ dá a dúró nítorí ohun tí ó kà níhìn-ín. Oníṣègùn ni yóò pinnu.

Fluconazole ni yóò máa bá a lọ ní gbogbo àkókò yìí: ìwọ̀n tí ó ga fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìwọ̀n kékeré lójoojúmọ́, títí ọdún kan ó kéré tán, àti títí CD4 yóò fi ju 200 lọ tí HIV inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì ti rọlẹ̀. Kòkòrò olú a máa fara pamọ́. Ẹni tí ó bá dá hóró kékeré yìí dúró ní oṣù kẹta nítorí pé ara ti le lè gbọ́ ẹ̀fọ́rí náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan wà tí ó sàn ju gbogbo èyí lọ, òun ni kí a mú kòkòrò náà kí ó tó dé orí. Àmì ẹ̀wù rẹ̀ a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Nítorí náà, ìlànà ni pé ẹni tí CD4 rẹ̀ kò bá tó 100 yẹ kí ó ṣe àyẹ̀wò CrAg, a sì lè ṣe é fún ẹni tí kò tó 200 pẹ̀lú. Bí a bá rí àmì náà tí omi ẹ̀yìn sì mọ́, fluconazole nìkan ti tó láti lé e padà. Kò sí dírípù, kò sí gbígbọ̀n. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 láti Tanzania àti Zambia fi hàn pé níbi tí a ti ṣe àyẹ̀wò yìí, tí àwọn olùrànlọ́wọ́ sì ń bẹ àwọn aláìsàn wò nílé, ikú fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹni tí ó bá ń padà sórí oògùn HIV lẹ́yìn tí ó ti dá a dúró lè fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni CD4 mi? Ṣé mo nílò àyẹ̀wò CrAg?” Kò sí ìwà àfojúdi kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí aláìsàn bá padà sílé, kò sí ìdí láti ya àwo tàbí ẹní rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí pé kò lè kó àrùn olú yìí ran ẹnikẹ́ni. Kò sì sí ìdí láti pa gbogbo ẹyẹlé ilé. Ṣùgbọ́n kí òun má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò gbá ilé ẹyẹlé títí ara rẹ̀ yóò fi le, kí ẹni tí yóò gbá a sì kọ́kọ́ wọ́n omi sí i, kí eruku má bàa dìde.